Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Gba Ẹ̀yìnkùlé

Bí oúnjẹ bá wà níwájú yín, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ń rí èmi fúnra mi lára. Nígbà mìíràn tí mo bá gbé omi sẹ́nu, tí mo bá rántí rẹ̀, ṣe ni mo máa ń tu omi náà dànù.

Kì í ṣe ọ̀dọ́langba ló fẹ́ ro ẹjọ́ ọkọ fún yín. Àgbà obìnrin ni mí. Mo ka ìwé girama jáde nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé. Téṣàn rélùwéè ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní fèrèsé tí wọ́n kọ "Ìbéèrè" sí lórí. Àlejò tó bá fẹ́ mọ ọkọ̀ tí yóò wọ̀, ibi tí yóò sùn, ibi tó dára láti rìn dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi sọ mí ní Ìyá Atọ́nà.

Nínú ẹbí wa náà, èmi ni wọ́n ń bi. Bí àwọn kan bá ń jà lórí ta ni ẹ̀gbọ́n ta ni àbúrò, bí ọmọ kan bá ń fẹ́ ìbátan rẹ̀ láìmọ̀, èmi ni màá jókòó, tí màá ka àwọn baba àti àwọn ìyá láti orí ẹni tó kọ́ ilé wa títí dé orí ìkókó tó wà lẹ́yìn. Wọn a ní, "Ẹ lọ bá Màmá, ọwọ́ wọn ni ìran wà." Gbólóhùn yẹn máa ń yó mi ju oúnjẹ lọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn sọ́kàn: ìran. Òun ló gbé mi ṣubú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ibi kan náà la jọ ṣiṣẹ́. Òun ni apèkọ̀. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé téṣàn, ẹnu rẹ̀ ni èrò fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ti sún mọ́lé. Á dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀, á dúró ṣánṣán, á ní, "Ọkọ̀ àárọ̀ ń bọ̀. Ẹ fà sẹ́yìn, ẹ di ọmọ yín mú. Ẹni tó ń lọ, ó dàbọ̀. Ẹni tó ń bọ̀, ẹ káàbọ̀." Ohùn náà mọ́ gaara. Èmi tí mo wà ní fèrèsé mi a rọra dákẹ́ kí n lè gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn dúró níwájú mi tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

Téṣàn yẹn ti kú. Koríko ti bo irin mọ́lẹ̀. Ilé tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń gbé kẹ̀yìn sí i, fèrèsé yàrá ẹ̀gbọ́n mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì kọjú sí ibi tí èrò máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Fèrèsé gígùn ni, láti òkè dé ilẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló dábùú rẹ̀.

Nígbà tí ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò nílé, òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó pè mí wọ yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ Ìyá," ó ní, "mo ń lọ, àmọ́ ara mi ò ní bá mi lọ. Bó bá dọjọ́ yẹn, má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ìran wò."

Mo ní mo gbọ́. Mo tún fi yangàn pé ta ni yóò tó bẹ́ẹ̀ níṣojú mi.

Ó ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, alágbàfọ̀. Ìyá ọmọ náà ti kú. Ọmọ yẹn ló ń wẹ bàbá rẹ̀, tó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, tó ń lọ aṣọ rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni pé ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń wọ yàrá náà bí kò ṣe èmi àti òun. Ẹbí tó bá fẹ́ kí Bàbá, á ránṣẹ́ ṣáájú, kí ọmọ náà lè tún un ṣe kí wọ́n tó rí i. Bó bá ti ṣe tán láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á yọ orí sí mi nínú yàrá, á ní, "Màmá, ẹ bá mi wò wọ́n o." Màá ní kó máa lọ, kó má mikàn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí Alápò fi dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òkè òkun ni. Àpò ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ó ní ilé ìwé lóun ti kọ́ Yorùbá ní ìlú àwọn. Ká sòótọ́, ó gbọ́ ọ. Àmọ́ Yorùbá rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀: ó gún régé, ara èèyàn ni ò tíì wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rìn káàkiri, kó máa fi ibi tó dára láti lọ han àwọn èèyàn rẹ̀ lórí ìntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti sọ fún un nísàlẹ̀ àdúgbò pé bó bá ń wá ẹni tó mọ̀nà, kó béèrè Ìyá Atọ́nà.

Ó kí mi dáadáa. Ó jókòó. Ó wá ní, "Ìyá àgbà, mo wá wo ìran."

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi wú. Ọmọ òkè òkun, tó gba òkun kọjá nítorí ìran wa! Àwọn ọmọ tí mo gbé pọ̀n kì í jókòó gbọ́ ọ tán. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá wa. Mo sọ ẹni tó fẹ́ta, mo sọ ẹni tó fẹ́ ọ̀kan, mo sọ èyí tó sá lọ tó padà wá pẹ̀lú oyún. Oòrùn kúrò lójú ilẹ̀kùn, mo ṣì ń sọ. Ọmọkùnrin náà ń mi orí, àmọ́ ojú rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn mi, ó ń wo ara ògiri.

Bí mo bá dánu dúró mí, á ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ìran náà ńkọ́?"

Mo rò pé kò tíì tó o ni. Màá tún bọ́ sórí ìran mìíràn.

Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di àpò rẹ̀. Ó fi ẹ̀rín ṣàlàyé pé bóyá òun ló ṣì í sọ. Ìran tí òun wí ni ohun tí ojú ń wò, ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ wọkọ̀. Ìtìjú díẹ̀ mú mi, mo sì fẹ́ fi iṣẹ́ mi bò ó. Mo tọ́ka etí odò fún un, mo sọ àtẹ̀gùn òkúta tó gun orí òkè, mo sọ òpópónà àwọn tó ń di ìwé. Ó ní gbogbo ìyẹn ti wà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn ti sọ ọ́ tán. Ó ní òun ti rí ohun tó dára kan nínú ilé tó tẹ̀ lé tiwa, nílé Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì, ìyá tó gbin òdòdó sínú àwọn bàtà àtijọ́. Ilé kan ṣoṣo lóun máa ń mú lójú títì kan. Ó dà bíi pé ilé yẹn náà lòun máa mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́. Fèrèsé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi ní téṣàn. Kò ka ìwé girama. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń já fún èrò, èmi ló sì ń bi bí ìlú kan bá jìnnà tàbí bó bá sún mọ́. Bàtà jíjẹrà rẹ̀ wá fẹ́ jókòó lórí èmi àti àwọn baba ńlá mi?

Ibi tí inú mi ti ń ru ni ohùn ti dún lókè. "Ọkọ̀ àárọ̀ ń bọ̀. Ẹ fà sẹ́yìn, ẹ di ọmọ yín mú."

Àpò bọ́ lọ́wọ́ Alápò. Ó béèrè pé kí nìyẹn.

Mo lè ní rédíò ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi, mo ti la ẹnu. Àmọ́ mo rí ojú ọmọkùnrin yẹn: ojú tí mo ti ń wá láti àárọ̀, tí gbogbo baba ńlá mi ò lè là. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ni apèkọ̀ ìkẹyìn. Ó ṣì ń pe ọkọ̀ tí kò sí mọ́."

"Ìyá," ó ní, "ìran nìyí."

Mo dìde, mo sì mú un gun àtẹ̀gùn. Mo ní kó má wọlé, kó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹni pé ojú kì í wọ yàrá tí ẹsẹ̀ ò bá wọ̀. Ó gbé fóònù sókè, ó ya ẹ̀gbọ́n mi, ó ya fèrèsé, ó ya koríko tó bo irin. Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Alápò yí fóònù sí mi. Ó ní bí àwọn mìíràn bá fẹ́ wá, ọ̀nà wo ni kí wọ́n gbà, ìgbà wo ló sì dára jù.

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò tíì sẹ́ni tó bi mí nírú ìbéèrè yẹn. Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀ bí ìgbà tí mo wà ní fèrèsé.

"Kí wọ́n má gba iwájú," mo ní. "Kí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé, níbi tí irin wà, kí wọ́n dúró sábẹ́ fèrèsé. Àárọ̀ ló dára jù. Ọmọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ nígbà yẹn, kò ní dí wọn lọ́wọ́. Bí kò bá tètè pè, kí wọ́n fun fèrè."

Kò fún mi lówó, n ò sì béèrè. Ìbá sàn bó bá fún mi. Ẹni tó ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ lè ní ebi ló pa òun. Èmi ò lébi kankan. Ìyìn ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé, tọkọtaya àgbàlagbà ni. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́ sínú koríko. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pe ọkọ̀ tán, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n juwọ́ sí wa, wọ́n lọ. Mo sọ fún ara mi pé kí ló burú níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń pe ọkọ̀ fún koríko láti ìgbà yìí wá, ó ti rí èrò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Wọ́n ń fi ahọ́n wọn tó wọ́ pè mí láti ìsàlẹ̀, "Ìyá Atọ́nà, Ìyá Atọ́nà," èmi àgbàyà a sì na ọwọ́ jáde láti kí wọn. Aṣọ tí mo fi ń jáde ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ nínú ilé. Mo tú àpótí, mo yọ fìlà iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jáde, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku rẹ̀, mo dé e lé e lórí. Kí ọmọ rẹ̀ tó dé, màá ti ṣí fìlà náà, màá ti tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Ẹ rí i pé mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi yí padà. Tẹ́lẹ̀, á pe ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sùn, á jí, á tún pè é. Báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá ti fun fèrè, á fò dìde, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Á máa pè, búrẹ́dì á máa já bọ́ sí i láyà. Wọ́n tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Bó bá ní ọkọ̀ ń bọ̀, wọn a pariwo pé ó ti dé. Á wá máa wo ọ̀tún, á máa wo òsì, á máa wá ọkọ̀ náà kiri. Ìyẹn ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù.

Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọ rẹ̀ fura, ó bi mí pé kí ló ń ṣe Bàbá lọ́fun. Mo ní òtútù ni. Ó ra oyin wá, ó gbé e fún mi, ó ní kí n máa fún wọn lá díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀fun wọn lè sinmi.

Mo fún un lá. Àárọ̀ ni mo ń fún un, kí àwọn èrò tó dé, kí ohùn rẹ̀ lè là. Bí mo ṣe ń kọ èyí, itọ́ ẹnu mi korò.

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì wá bá mi. Kò jókòó. Ó ní òun ń ká aṣọ lórí okùn lòun rí ẹnì kan tó ju bisikíìtì sókè sí ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ̀gbọ́n mi sì ń wá a nílẹ̀.

"Ọ̀bọ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún," ó ní. "Pa fèrèsé yẹn dé, ọ̀rẹ́ mi."

Mo bi í bóyá torí pé wọ́n ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ wo bàtà rẹ̀ ni. Mo ní bí owú bá ń jẹ ẹ́, kó gbin òmíràn.

"Bàtà mi ò lójú," ó ní, "ojú ò lè tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ lójú."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Mo pòṣé tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí ọwọ́ tẹ̀ mí, èrò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù, wọ́n fi fóònù kọ́ orí igi gbọọrọ, wọ́n nà án sókè dé ibi tí a wà. Fèrè ò dákẹ́. Ara ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ mo ti dé fìlà lé e lórí, mo sì ti mú un dúró sẹ́nu fèrèsé. Ó pe ọkọ̀. Wọ́n ní ó ti dé. Ó tún pè é.

Mo rí i tí iwájú ṣòkòtò rẹ̀ dúdú. Ó tọ̀ sára. Ó ń ṣàn wá sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gba àárín irin fèrèsé, ó ń kán sísàlẹ̀.

Igbe ẹ̀rín sọ. Àwọn tó wà níwájú fò sẹ́yìn, wọ́n ń lu ara wọn lẹ́jìká. Obìnrin kan fi ọwọ́ kan bo ojú ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú, kò dáwọ́ yíyà dúró. Mo rí àwọn díẹ̀ tí ojú tì, tí wọ́n yí padà, tí wọ́n ń lọ.

Àwọn tó ń lọ yẹn ni mo rí. Ẹ má bínú sí mi, tàbí ẹ bínú, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú ìtọ̀, àwọn tó ń lọ lèmi ń wò. Mo fi ẹnu sí i létí, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n má tíì lọ."

Ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ là, bí ẹni tó jí lójú oorun. Ó ti pẹ́ tí kò ti mọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ọmọ Ìyá," ó ní, "ọkọ̀ wo?"

Ó wo ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó wo àwọn èèyàn. Ó rọra ṣí fìlà lórí, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fi bo iwájú ṣòkòtò rẹ̀.

Mo gbọ́ ìmí ẹnì kan lẹ́yìn mi. Ọmọ rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ iṣẹ́ tó ń so mọ́ iwájú ṣì wà lára rẹ̀, ó ń rùn fún ọṣẹ àti ooru àyọ́nù. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé àga ni mí. Ó pa fèrèsé dé, ó fa kọ́tìnnì. Ó tú aṣọ iṣẹ́ yẹn, ó fi ró bàbá rẹ̀ ní ìbàdí, ó mú un jókòó. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù lé orí ibùsùn, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ohùn mi ni. "Kí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ nígbà yẹn, kò ní dí wọn lọ́wọ́." Mo rẹ́rìn-ín ní ìparí rẹ̀, ẹ̀rín kékeré kan báyìí. Mo ti gbàgbé pé mo rẹ́rìn-ín.

Oníbàárà kan tó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì ló fi hàn án. Ẹni náà ò mọ nǹkan kan, ó kàn ní kó wá wo bàbá apanilẹ́rìn-ín kan ní àdúgbò wọn.

"Màmá," ọmọ náà ní, "kí ni mo máa ń sọ fún yín láràárọ̀ kí n tó jáde?"

Mo ní, "Pé kí n bá ọ wò wọ́n."

"Ẹ wò wọ́n. Ẹ pe ayé wá bá yín wò wọ́n."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwáwí. Ẹ wo ìwà mi bí. Mo ní Alápò ló fa gbogbo rẹ̀, mo ní ọmọ òkè òkun ni, kò gbédè, ìran tí a bí ni mo pè, ìran tí ojú ń wò ni ó gbọ́, ọ̀rọ̀ ló pa wá pọ̀.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ó gbédè jù yín lọ, Màmá. Ó béèrè ìran, ẹ fún un. Gbogbo ẹbí ló ń sọ pé ọwọ́ yín ni ìran wà. Wọn ò mọ̀ pé ìran ọ̀fẹ́ ni."

Fèrè ṣì ń dún lẹ́yìnkùlé. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fun ún, ẹ̀gbọ́n mi á fẹ́ dìde, ọmọ rẹ̀ á rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà. Mo na ọwọ́ sí aṣọ ìnura kí n bá a nù ú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n," ó ní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló kó bàbá rẹ̀ lọ sí yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá lára mi lórí àtẹ̀gùn, kò mọ̀ mí mọ́. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí èrò: "Ó dàbọ̀ o."

A máa ń sọ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, pé inú ilé laṣeni ń gbé. Èmi wà nínú ilé, mo sì fọ̀nà ẹ̀yìnkùlé han ọ̀tá. N ò fi ẹnì kan sílẹ̀ láti dá lẹ́bi.

Ẹbí gbọ́. Kò sẹ́ni tó wá bú mi, ìbá dùn mọ́ mi bí wọ́n bá wá. Wọ́n kàn dáwọ́ bíbi mí ní ìbéèrè dúró ni. Àwọn méjì kan jà lórí ẹni tó ṣáájú láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ pé wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn.

Mo bẹ àwọn tó mọ ìntánẹ́ẹ̀tì lò kí wọ́n bá mi bá Alápò sọ̀rọ̀. Ó yọ ohun tó gbé síbẹ̀, ó ní kí n má bínú, òun rò pé inú gbogbo wa dùn sí i ni. Àwọn mìíràn sì ti kó o káàkiri. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n ṣì ń wá. Wọ́n á dúró sínú koríko, wọ́n á fun fèrè sí fèrèsé tó pa dé. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn lọ́jọ́ kan, mo ní kò sí nǹkan níbí mọ́. Ọ̀kan béèrè pé ọ̀nà ibo ni bàbá náà gbà lọ. Mo ní n ò mọ̀nà. Èmi, Ìyá Atọ́nà. Ó gbé fóònù sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya èmi náà. Mo fi ọwọ́ bojú wọlé. Kí n tó dé orí àtẹ̀gùn, mo ti bì.

Ẹ̀yin tí àlejò ń bi pé ibo ló dára kí àwọn dé, ẹ fi odò hàn wọ́n. Ẹ fi òkè hàn wọ́n, ẹ fi òdòdó inú bàtà hàn wọ́n, ó lẹ́wà, mo ti lọ wò ó báyìí. Èèyàn kì í ṣe ibi tí wọ́n ń dé. Bí ẹnu bá sì ń yún yín láti ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kí ẹ máa ṣọ́, kí àlejò lè yìn yín, ẹ rántí oyin tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi lá.

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì ló bá mi bẹ ọmọ náà. Ó lọ, ó tún lọ. Nígbà tó yá, ọmọ náà ní kí n máa bọ̀.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà gbóná, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni ló kọ́ síbẹ̀ lọ rẹrẹ. Ọmọ náà dá mi dúró lẹ́nu kọ́tìnnì. Ó ní láti ọjọ́ fèrèsé, bí ojú ẹnikẹ́ni bá ti bà lé Bàbá, wọ́n á ṣí ohun tó wà lórí wọn, wọ́n á fi bo iwájú, wọ́n á máa gbọ̀n. Òun gan-an, ojú ògiri lòun ń wò tí òun bá ń wẹ̀ wọ́n.

"Ẹ lè jókòó tì wọ́n," ó ní. "Ẹ má wò wọ́n."

Ó gbé àga kan fún mi, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri. Mo jókòó. Mo gbọ́ ìmí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìró bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. N ò yíjú. Níwájú, àyọ́nù ń dún lórí aṣọ tútù. Ó pẹ́ kí ohùn náà tó dé, ó wálẹ̀, ó há, àmọ́ òun náà ni.

"Ẹni tó ń lọ, ó dàbọ̀," ó ní. "Ẹni tó ń bọ̀..."

Ó dánu dúró síbẹ̀.

Mo kẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n mi, mo kọjú sí ògiri, mo sì ń retí kó parí rẹ̀.